Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun Kì í Ṣe Tèmi

Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta

Ọ̀la ni ààwẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Ìyá Nastasia, ìyá ọkọ mi, jẹ wàràkàṣì tó kù nílé tán lọ́sàn-án yìí. Lẹ́yìn náà mo nu tábìlì, mo gbé kàlẹ́ńdà sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, mo jókòó ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìránṣọ ìjọba. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ọ̀gá wa níbẹ̀ á tò wá sí ìlà, kálukú á sọ ohun tó ṣe, ohun tí kò ṣe, àti ohun tó máa ṣe. Wọ́n ti ti ibẹ̀ pa, wọ́n ti ta àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ní owó irin. Àṣà yẹn nìkan ló kù sí mi lára.

Ohun tí mo ṣe: mo lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ọmọ ní ìlú Sighet lẹ́ẹ̀mejì nítorí Ilinca. Ohun tí mi ò ṣe: mi ò sunkún níwájú wọn.

Láti ìgbà tí ọmọ mi ti kú sí Ítálì ni wọ́n ti fi Ilinca, ọmọ rẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn àjèjì. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Doamna Lazăr, ìyáàfin tó jókòó nídìí ọ̀rọ̀ náà ní ọ́fíìsì, sọ fún mi pé, "Mà, mo rí i pé ẹ fẹ́ràn ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo fẹ́ kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù." Ohun tó ní ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ni yàrá tirẹ̀ tó ní fèrèsé, balùwẹ̀ nínú ilé, omi gbígbóná, wáyà iná tí kò ní jó ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wá wo ilé ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin. Bí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò bá sí níbẹ̀, tọkọtaya kan ń bẹ ní ìlú Cluj tí wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì kalẹ̀ dè é. Wọ́n fẹ́ gbà á pátápátá, wọ́n á sì yí orúkọ rẹ̀ padà.

Mo wá àyè nínú ọ̀sẹ̀. Àárọ̀ jẹ́ ti màlúù àti ti ilé ìwé tí mo ń gbá. A kì í fọwọ́ kan irun àgùntàn ní ọjọ́ Ẹtì nínú ààwẹ̀. Àìkú kò ṣe é fọwọ́ kàn rárá. Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ló ṣófo jù. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: irun àgùntàn, fún kúbùsù ọmọ.

Ìyá Nastasia kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ibi tí Ìṣẹ́gun wà lórí kàlẹ́ńdà. Ó ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ààrò.

"Kí lo kọ síbẹ̀ yẹn, ìyàwó?"

"Iṣẹ́ ni, Ìyá."

"Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ní ẹni tó ni ín."

"Ṣé yóò bá mi san owó símẹ́ǹtì?"

"Òun kì í san," ó ní. "Gbígbà ló máa ń gbà."

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Lánàá mo fi òòyà onírin ya irun àgùntàn apẹ̀rẹ̀ kan, mo sì lọ sùn. Apẹ̀rẹ̀ méjì tó ti yà ló wà nílẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Mo bi Ìyá. Ó kàn gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè fún mi wò. Ìka rẹ̀ ti ká bí gbòǹgbò igi, ṣíbí pàápàá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Yìnyín tún bọ́. Găvrilă, mọ̀lẹ́bí ọkọ mi tó ń ṣe bíríkìlà, wá wo ilé. Ó wo yàrá tí olóògbé ọkọ mi ń kó irinṣẹ́ sí, èyí tí mo fẹ́ fún ọmọ, ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀ rẹ̀, ó mi orí.

"Ìyàwó wa, yàrá àti balùwẹ̀ kí ààwẹ̀ tó parí? Ṣé bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ wá wẹ̀ níbẹ̀ ni?"

"Ọmọ ọdún mẹ́fà ló fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀. Èló?"

"Fún ìwọ? Ẹgbẹ̀rún méjì lẹ́ì, kí o sì máa bọ́ mi."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Oúnjẹ ààwẹ̀ lo sì máa jẹ."

"Ẹ̀wà? Lójoojúmọ́?"

"Nígbà mìíràn màá fi àlùbọ́sà sí i, ọkọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Ó gbà. Símẹ́ǹtì ti di lẹ́ì méjìlélọ́gbọ̀n àpò kan.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ohun tí mo ṣe: símẹ́ǹtì, iyanrìn, páìpù. Ohun tí mi ò ṣe: apẹ̀rẹ̀ kejì irun àgùntàn, ó sì wà níbẹ̀ ní yíyà. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kọ ọ́ sí. Ní ilé ìránṣọ, bí ẹlòmíràn bá bá ọ parí iṣẹ́ rẹ, owó rẹ ni wọ́n ti máa yọ tirẹ̀.

Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀: kọ́tìnì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo rán ẹ̀gbẹ́ kan kọ́tìnì kí ojú mi tó rẹ̀. Bí mo ṣe gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ni mo gbọ́ òòyà onírin nínú yàrá irinṣẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Yàrá yẹn kò tíì ní ilẹ̀ tí ènìyàn lè dúró lé. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Òórùn irun àgùntàn tútù ló kún ibẹ̀, kò sí ènìyàn.

Láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ́tìnì ti di rírán. Mo gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Mo ti fi ogún ọdún ránṣọ, mi ò rán irú rẹ̀ rí. Kò sí ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣìnà.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo jókòó ti kàlẹ́ńdà pẹ́ lónìí. Mo mọ iye iṣẹ́ tí ọwọ́ méjì lè ṣe lóòjọ́, mo sì mọ̀ pé tèmi kò lè parí ilé yìí kí wọ́n tó dé. Mo rò ó bí ẹni tó rí alágbàṣe tí kò tíì bèèrè owó. Tí kò bá bèèrè, ṣé èmi ni kí n kọ́kọ́ dárúkọ owó? Mo kó ẹfun ògiri àti gbogbo irun àgùntàn tó kù sí ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun.

Ìyá fi ọ̀pá rẹ̀ na ẹsẹ̀ tábìlì.

"Gbọ́ mi, ìyàwó. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, Docia tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò gbà kí ẹni yẹn bá òun ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ lẹni yẹn gbà dípò owó. Ọmọ náà kò kú o. Ó dàgbà, ó lọ́kọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò sinmi mọ́. Tí kò bá sí irun àgùntàn, á máa ya koríko. Tí kò bá sí koríko, á máa ya irun orí ara rẹ̀. Nígbà tó kú, ńṣe ni wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lè tẹ́ ẹ sínú pósí."

"Ìyá, àìsàn nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni. A sì mọ ẹni tó kó o ràn án."

Mi ò pa ohun tí mo kọ rẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ògiri kan ni mo fi ẹfun kùn lánàá. Mẹ́rin ló funfun láàárọ̀.

Găvrilă dúró láàárín yàrá, ó di ìbàdí mú. "Ta lo lọ háyà lẹ́yìn mi?"

"Kò sí."

"Ìyàwó wa, má purọ́ fún bíríkìlà. Mo kí ẹni tó ṣe é, ó mọ iṣẹ́. Èló ló gbà? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o rẹ́ mi jẹ ni."

Mo ní kí ó jẹ ẹ̀wà rẹ̀ kó tó tutù.

Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo jí, ọwọ́ ọ̀tún mi ń lọ, ó ń bọ̀ lórí kúbùsù. Mo fi tòsì dì í mú. Tòsì náà ń lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Àjọ̀dún tí áńgẹ́lì kí Màríà. Kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, ẹja ni gbogbo ènìyàn ń dín. Mi ò kọ nǹkan kan sí i. Mo ra ẹja mẹ́ta bí a ṣe ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbọ́ òòyà láti ẹnu géètì. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́ títí tó fi dákẹ́. Inú ilé, gbogbo irun àgùntàn ti di yíyà, ó wà nínú kúbùsù, wọ́n ti rán an pa.

Mi ò ní kí ó ṣe é. Ó ti ń ṣe ohun tí mi ò kọ sí ọ̀sẹ̀ yìí.

Àìkú, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹta

Găvrilă ti parí balùwẹ̀. Omi gbígbóná ń yọ. Oníná ti pààrọ̀ wáyà, ó gba igba lẹ́ì, ó sì fi bàtà ba ilẹ̀ mi jẹ́. Kò sí ohun tó kù ju kí n fọ fèrèsé. N kò rí ọ̀sẹ̀ tó rọrùn báyìí rí.

Ọ̀la ni wọ́n á mú Ilinca wá kó bá wa gbé títí di Ọjọ́rú, kí wọ́n wo bó ṣe máa mọ́ ọ lára.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Wọ́n ti mú un lọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n má baà tún un rò sí ọ̀nà míràn.

Doamna Lazăr fúnra rẹ̀ ló mú un dé lọ́jọ́ Ajé. Ó wo yàrá, ó fọwọ́ pa kúbùsù, ó ní, "Mà, ẹ ti ṣe iṣẹ́ bàǹtà-banta." Ilinca ní eyín méjì tó ti yọ, ó sì ń fi ahọ́n wá ibẹ̀. Ó jẹ gbogbo ohun tí mo gbé fún un. Ó bi Ìyá pé, "Kí ló ṣe ọwọ́ yín?" Ìyá ní, "Mo fi lu àwọn ọmọ tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Lánàá, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, mo wà nídìí màlúù. Nígbà tí mo wọlé, ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń dákẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Ìyá wà ní ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó ń sùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ilinca dá nìkan jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Màmá kejì."

"Ìyá Nastasia?"

"Rárá, màmá kejì tó ń ṣiṣẹ́. Ó wọn ọwọ́ mi mọ́ òòyà rẹ̀. Ó ní ó kù díẹ̀." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ gbà á síṣẹ́?"

Mo di ọwọ́ tó nà náà mú.

"Ó ní ẹ̀yin lẹ gba òun. Ó ní èmi ni owó òun."

Mo gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Àárín èmi àti ògiri ló sùn sí. Mi ò sùn.

Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin

Mi ò gbé kàlẹ́ńdà sọ̀kalẹ̀. Iwájú Ìyá ni mo jókòó sí.

"Ìyá, ṣé ènìyàn lè yọ ọ́ níṣẹ́?"

Mo rò pé á bú mi, mo sì ti múra fún un. Kò bú mi.

"Ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ rẹ̀ nílé rẹ kò ní ohun tó fẹ́ gbowó lé. Gbogbo ohun tó fọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo rẹ̀, ìyàwó. Má fi ìkankan pamọ́ torí pé ó dára."

"Ọjọ́rú ni wọ́n ń bọ̀ wá wo ilé."

"Mo mọ̀."

"Doamna Lazăr ti rí yàrá yẹn ní píparí. Tó bá dé tó rí i ní àìparí, Cluj ni ọmọ ń lọ."

"Mo mọ ìyẹn náà."

Tó bá lọ sí Cluj, kò ní jẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á jẹ́ tirẹ̀. Mo rò ó bẹ́ẹ̀. Tó bá sì dúró nínú yàrá tí ẹni yẹn ṣe, mo mọ ohun tó ń dúró dè é. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ tó, ibì kan náà ló ń já sí.

Ajé, ọjọ́ keje

Iṣẹ́ mi ní kókó, tirẹ̀ kò ní. Ìyẹn ni mo fi mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Mo tú kọ́tìnì. Mo tú kúbùsù, mo yọ gbogbo irun tó dán, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ju ohun tó lè bo ológbò. Lẹ́yìn náà mo mú ọ̀bẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹfun ògiri mẹ́ta.

Găvrilă wá gba ìyókù owó rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ń ṣí.

"Todosia, ṣé orí rẹ pé?"

"Ìṣẹ́gun ló ṣe é," mo ní. "Ìṣẹ́gun ni mo gbé e fún."

Ẹ̀rín tó fẹ́ rín kú sí i lẹ́nu. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó mú irin tí ó fi ń tẹ́ símẹ́ǹtì, ó kọjú sí ògiri kejì. Kò bèèrè owó iṣẹ́ lórí èyí. Kí ó tó lọ ló sọ̀rọ̀: "Balùwẹ̀ yẹn, èmi ni mo ṣe é o. Gbogbo rẹ̀, ojú ọ̀sán ni mo fi ṣe é. O rí i bí ó ṣe wọ́."

Lóòótọ́, ó wọ́. Mo fi ẹnu ko ògiri rẹ̀.

A kó gbogbo rẹ̀, irun àti aṣọ àti garawa ẹfun, sí etí odò lẹ́yìn ọgbà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Mo fún wàrà, mo fọ àwo, mo kó abẹ́rẹ́ àti òòyà sínú àpótí, kí oòrùn tó wọ̀. Èmi àti Ìyá jókòó, a ká ọwọ́ lé itan. Iná wà ní títàn, kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan.

Etí odò ló ti bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà nínú ọgbà. Lẹ́yìn náà lábẹ́ fèrèsé. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ohùn obìnrin tó rẹ̀ sọ pé:

"Ìyàwó, iṣẹ́ kù."

Ọwọ́ mi méjèèjì fò kúrò lórí itan mi. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ níwájú mi, mi ò lè dá wọn dúró. Ìyá nawọ́ sí mi, ó fi ìka rẹ̀ tó ká yẹn há tèmi, ó sì tẹ̀ wọ́n mọ́ itan rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára arúgbó rẹ̀.

"A ò háyà ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí," ó ní.

Ilẹ̀kùn dún díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi ara tì í kó lè sinmi. Ó pẹ́ kí ó tó lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Òjò. Ohun tí a kó sí etí odò kò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú ẹrẹ̀.

Doamna Lazăr dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ó wọ yàrá, ó dúró.

"Mà. Yàrá yìí ti parí nígbà tí mo mú ọmọ wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló dé sí i?"

"Mi ò fẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo ń tún un ṣe fúnra mi."

"Ta ló ṣe èyí tẹ́lẹ̀?"

"Ẹni tí mi ò bá dúnàádúrà, Doamna."

Ó kọ nǹkan. Ó lọ sí balùwẹ̀, ó ṣí omi, ó fi ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ títí tó fi gbóná débi tó fi yára fà á kúrò. Ó wo wáyà iná. Ó bèèrè ibi tí ọmọ máa sùn sí, mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, títí ògiri á fi gbẹ. Ó tún kọ nǹkan. Nígbà náà ló gbójú sókè.

"Ilinca sọ fún mi pé àwọn màmá àgbà méjì ló ń bá yín gbé níbí. Mo rí ẹyọ kan."

Ìyá kò mira ní ẹ̀gbẹ́ ààrò.

"Ẹyọ kan ló kù," mo ní.

Ó wo ojú mi. Ó wo ògiri tí a họ, ojú ọ̀bẹ ṣì wà lára rẹ̀ gbogbo. Mi ò mọ̀ bóyá abúlé tó mọ ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti bí obìnrin náà, mi ò sì bi í. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta la ó fi wò ó ná. Màá máa wá láì sọ tẹ́lẹ̀." Ó buwọ́ lù ú lórí tábìlì mi.

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ilinca ti dé. Báàgì kan, bàtà méjì, ọ̀kan ti kéré jù fún un. Ẹyin ti di lẹ́ì kan àti ààbọ̀ ẹyọ kan nítorí Àjíǹde. Mo ra ọgbọ̀n.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Lánàá mo ti pa iṣẹ́ tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi jókòó, Ìyá jókòó. Ilinca gun àga tó wà láàárín wa, ó sì ká ọwọ́ lé itan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Nǹkan kò dún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí dáadáa nígbà tí Ilinca ní:

"Kò bínú, Màmá."

"Ta ni?"

"Màmá kejì. Ó wà níta. Ó ní ẹ ti lé òun kúrò nídìí iṣẹ́ yín, pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní nígbà tí ọwọ́ mi bá tóbi tó òòyà, èmi fúnra mi lòun máa bi."

Ìyá ṣe àmì àgbélébùú.

Mo gbé ọwọ́ ọmọ náà lé tèmi. Kò tíì tó ìdajì rẹ̀. Ọwọ́ kékeré, gbígbóná, tó dúró jẹ́ẹ́.

Láàárọ̀ yìí ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó sì na àwo sí mi pé ebi ṣì ń pa òun. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo wo ọwọ́ tó na àwo yẹn, ọwọ́ tí oúnjẹ máa mú tóbi, mi ò tètè gé búrẹ́dì. Ó ń wò mí, ó ń fi ahọ́n wá ibi tí eyín rẹ̀ ti yọ.

Mo gé e. Mo gé e nípọn.